Omi Ìdájí ní Ilé Tísà

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 1961, Dàpọ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ṣì ń fẹ́.

Akínwándé ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Tísà ni gbogbo abúlé ń pè é. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn kò jẹ́ kí bàbá àti ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. Làmídì, àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ni ó lọ gbẹ́ ilẹ̀. Ó padà dé, ó fọ ọkọ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà kò sí ibi kan pàtó tí Akínwándé lè nàka sí pé ibẹ̀ ni ọmọ òun wà. Ó wá dà bí ẹni pé ó wà níbi gbogbo.

Láti ọmọ ọdún méjì ni Dàpọ̀ ti ń ṣàìsàn. Ẹyinjú rẹ̀ a pọ́n bí omi àgbo, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a funfun, egungun a máa ro ó títí yóò fi gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Àwọn kan ní ibà apọ́njú ni, àwọn kan ní làkúrègbé ni. Ìyá Akínwándé, kí ó tó di olóògbé, ní àbíkú ni, kí wọ́n fi abẹ sàmì sí i lára. Akínwándé kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà nínú ilé òun mọ́. Ó lé àbíkú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní láti fi nǹkan dípò rẹ̀. Ọ̀lẹ ni ó fi dípò: ó ní ọmọ náà kàn ń sá fún iṣẹ́ ni.

Ní ilé-ìwé gíga tí ó lọ, ibi tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà, wọ́n ti kọ́ ọ pé omi tútù ní ìdájí ni oògùn ọ̀lẹ. Bí Dàpọ̀ bá ti ní ara ń ro òun, bàbá rẹ̀ a fà á lọ́wọ́ ní ìdájí ọjọ́ kejì lọ sí balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, a mú un dúró lórí òkúta ibẹ̀, a sì da igbá omi mẹ́wàá lé e lórí láti inú ìkòkò tó ti sùn síta. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kà á. Ìfẹ́ ni ó kà á sí, ìfẹ́ sì ni pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ omi.

Àkùkọ kò tíì kọ. Igbá kan ẹnu ìkòkò, omi dà sórí òkúta, ó dákẹ́ díẹ̀, igbá tún kàn. Akínwándé ń kà á lórí ibùsùn láìfẹ́ kà á. Ó dúró ní mẹ́wàá. Ó bi Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá ó gbọ́ nǹkan. Àpèkẹ́ kọjú sí ògiri, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akínwándé lọ wo balùwẹ̀. Òkúta náà ṣì tutù fún omi.

Báyìí ni ó rí ní ìdájí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ka sáàmù, sáàmù kò dá omi dúró. Ní ọjọ́ kẹta ó kọjá lọ sọ́dọ̀ Làmídì, tí ń yí kòkó rẹ̀ tó sá lórí ẹní, ó sì rọra sọ ọ́ fún un bí ẹni tí ń sọ ìtàn ẹlòmíràn.

Làmídì kò dáwọ́ dúró. “Tísà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ní òkú kì í rìn?”

“Òkú kì í rìn.”

“Kí ló wá ń wẹ̀?”

Làmídì nàró, ó gbọn ọwọ́ nù, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. “Ẹ dìde lọ wò ó. Bó bá jẹ́ òkú ni, ẹ kí i. Bí kì í bá ṣe òkú, ẹ tètè débẹ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, bí igbá àkọ́kọ́ ti kan ìkòkò ni Akínwándé dìde. Ó jáde láìmú àtùpà. Ẹni kékeré kan dúró lórí òkúta náà níhòòhò, ó ń gbọ̀n, ó ń kà lábẹ́ ètè. Olúfúnmi ni, àbúrò Dàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó gbá ọwọ́ òsì mọ́ àyà; ọwọ́ náà ti wú bí búrẹ́dì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń bomi.

Bí ó ti rí bàbá rẹ̀, ó nàró ṣanṣan. “Mo ti fẹ́ wẹ̀ ẹ́ tán, bàbá. Ó ku mẹ́rin.”

“Ta ló ní kí o wẹ̀?”

“Bọ̀dá Dàpọ̀.”

“Nígbà wo?”

“Nígbà tí wọ́n wà láyé. Wọ́n ní bí egungun bá ń ro mí, kí n sáré wẹ̀ fúnra mi kí ẹ tó jí. Wọ́n ní omi yín le ju tiwa lọ.”

Àpèkẹ́ ti jáde sí ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó fi di ọmọ náà, ó gbé e mọ́ra. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti tó oṣù kan tí ara ti ń ro ó, pé òun ń fi aṣọ gbígbóná jó o lọ́sàn-án bí Tísà bá ti lọ sí ilé-ìwé. Ti omi yìí ni òun kò mọ̀.

“Ìwọ náà gbọ́ ọ,” ni Akínwándé wí.

“Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé Dàpọ̀ ni. Mo ní n kò gbọ́, kó má baà dẹ́kun wíwá.”

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n wọ ọkọ̀ láti Ẹgbẹ́dá lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Akínwándé mú rẹ́jísítà ilé-ìwé, ìwé tí wọ́n fi ń sàmì sí àwọn ọmọ tó wá, dání, nítorí ẹni tí kì í lọ síbi kankan láìní ìwé lọ́wọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Lazarus ni ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìka.

“Ìyá mi,” ni ó wí fún Olúfúnmi, “mú ìka wá. Bí o bá sunkún, màá sunkún jù ọ́ lọ.”

Olúfúnmi ń wò ó, abẹ́rẹ́ wọlé, kò mira.

“Ọmọ yìí kì í sunkún ni?”

“Wọ́n ti kọ́ ọ,” ni Àpèkẹ́ wí.

Lọ́sàn-án dókítà ní kí Akínwándé wá fi ojú ara rẹ̀ wo inú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Nínú ẹ̀jẹ̀ Olúfúnmi, ó rí àwọn nǹkan kan tó rí roboto. Láàárín wọn ni àwọn mìíràn wà, tín-ín-rín, tó tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn tó tẹ̀ yìí ni ó ń há sínú iṣan tóóró, tí ìrora fi ń dé. Pé wọn kì í pẹ́ bàjẹ́, òun ni ojú ṣe ń pọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbẹ lára ọmọ. Bàbá mú ìdajì àìsàn náà wá, ìyá mú ìdajì wá, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe làkúrègbé, kì í ṣe àbíkú.

Dókítà bèèrè nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú, àwọn ìgbà wo ni àìsàn máa ń dá a wó. Akínwándé ṣí rẹ́jísítà. Dókítà fi ìka tọ àwọn òdo, àmì ọjọ́ tí kò wá, tó wà níwájú orúkọ Dàpọ̀ láti ọdún dé ọdún: oṣù kejìlá, oṣù kìíní, oṣù keje. Bí ó bá ti pa ọjọ́ kan jẹ, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó máa ń tẹ̀lé e.

“Ìgbà òtútù ni gbogbo rẹ̀,” ni dókítà wí. “Òtútù a máa ru ú sókè. Ọjọ́ kan péré kì bá sì di márùn-ún bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ohun tó tún ń mú òtútù bá a. Àbí òjò máa ń pa á ni?”

Òjò kì í ṣe ẹ̀bi ẹnìkan. “Bẹ́ẹ̀ ni” lásán ni ó kù kí Akínwándé wí, kí wọ́n sì máa lọ. Àpèkẹ́ tẹjú mọ́lẹ̀. Olúfúnmi ń wo ẹnu bàbá rẹ̀.

“Rárá,” ni Akínwándé wí. “Èmi ni. Èmi ni mo máa ń da omi tútù lé e lórí.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ yìí máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí ó máa mu omi púpọ̀, kí ó máa lo oògùn ibà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí aṣọ tó nípọn máa wà lára rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó lè dàgbà bí a bá tọ́jú wọn. Kò ṣèlérí.

Ní ọjọ́ kejì Akínwándé dá iná fúnra rẹ̀, ó gbé omi kaná. Nígbà tí ó pe Olúfúnmi, ọmọ náà ti bọ́ sórí òkúta, ó ti di ojú rẹ̀, ó ti nàró. Bàbá rẹ̀ bu omi náà díẹ̀díẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ títí ó fi la ojú. Àpèkẹ́ bá a nu ara rẹ̀ gbẹ. Ọyẹ́ kò tíì lọ tán. Ọmọ náà tún ń gbọ̀n.

Akínwándé lọ sí iyàrá, ó ṣí àpótí Dàpọ̀ láti wá ẹ̀wù òtútù fún un. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ohun tí ó bá nìyí:

Ṣòkòtò kakí méjì, ọ̀kan já lórúnkún.
Ẹ̀wù funfun ọjọ́ Ìsinmi kan.
Sílétì kan tí igun rẹ̀ ti ṣán.
Ìwé kíkà kan, ó fi koríko sí ibi tó kà dé.
Ìkarahun ìgbín mẹ́ta.
Rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ, kò tíì so ó tán.
Òrí díẹ̀ nínú ewé, irú èyí tí a fi ń pa egungun tó ń ro, ojú ìka àwọn ọmọ méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ.