Ọpọlọ Olójú Gíláàsì

Búrẹ́mọ̀ ṣe àpótí tí yóò máa kọrin kí oníbàárà ní ìsọ̀ Kúbúrá ìyàwó rẹ̀ ní ọjà Misẹ̀bọ̀ ní Kùtọnù. Àpótí ké bí ewúrẹ́! Oníbàárà sá lọ sọ́dọ̀ Àkàndé, ará ìsọ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ àjọyọ̀ Rẹfolúsíọ̀nù, ti ìyípadà ìjọba, tí ọjà máa ń tà gan-an, ti dé tán.

Búrẹ́mọ̀ ti ṣi àṣẹ kọ sínú ọpọlọ àpótí náà, ègé ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀. Olójú gíláàsì ló yàn, torí iná àrà ọ̀tọ̀ kan lè gba ojú náà wọlé pa àṣẹ rẹ́, kí a lè tún un kọ. Iná àrà ọ̀hún kò sí ní Kùtọnù!

Ni ọpọlọ bá pòórá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó rí i láàárín ata tí Kúbúrá sá.

"Kúbúrá, o pa mí!"

"Bàbá Ràṣídì, ṣebí ẹ ní ó bàjẹ́? Mo rò pé ó tutù ni, mo bá sá a sóòrùn!"

Ó yẹ̀ ẹ́ wò: oòrùn ti ṣe iṣẹ́ iná àrà, ó ti pa gbogbo àṣẹ rẹ́! Ó tún un kọ, àpótí kọrin, oníbàárà ya dé.

Àkàndé náà dé, ó ru tẹlifísọ̀n rẹ̀ tó bàjẹ́: "Ìyá Ràṣídì, ẹ bá mi sá a."