Igbe Chantal

Láti ibi ìgbéyàwó kan ní Paouignan ni Gervais ti gbé igbe obìnrin kan wọlé, ọkàn ìyàwó rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ Gervais ni kó máa ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú káàkiri Dassa. Lọ́jọ́ yẹn, okùn àtíbàbà ló já lójijì, irin kan sì wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga aránṣọ kan tó ń jẹ́ Chantal. Irin náà ò kàn án, àmọ́ obìnrin náà ké, ẹ̀rọ Gervais sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó délé, ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí, ó tẹ́tí sí i, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún tẹ́tí sí i. Rachelle ìyàwó rẹ̀ ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yọjú, ó rí i tí ọkọ òun di ojú, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá Josué, kí lẹ ń gbọ́ tó dùn mọ́ yín tó báyìí?"

Gervais yọ nǹkan náà létí, ó fi sí etí ìyàwó rẹ̀. Igbe náà wọ Rachelle lára débi pé ó gbọ̀n.

"Ta nìyẹn?"

"Chantal, aránṣọ tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ohun tí mo ti ń wá láti èṣí nìyí."

Rachelle mọ ohun tí ó ń wá. Lọ́dún tó kọjá, Gervais ti ṣe sinimá ẹlẹ́rù kan. Ó wọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ignace ní aṣọ àpò, ó fi ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ kùn ún lójú, ó ní kó máa lé àwọn èèyàn kiri lórí òkè. Nígbà tí wọ́n fi sinimá náà hàn lára ògiri gbọ̀ngàn ìjọ, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà ni Gervais ti ń wo irú sinimá bẹ́ẹ̀ lóríṣiríṣi, tó ń wá ohun tó ń bani lẹ́rù nínú wọn. Nígbà mìíràn ó máa pa ohùn sinimá náà, á sì rí i pé iwin tó fẹ́ lé òun kúrò nílé lánàá ti di ẹni tó wọ aṣọ lásán. Rachelle máa ń jókòó tì í. Òun ló sọ fún un pé ìgbà tí ilẹ̀kùn ò tíì ṣí ni àyà òun máa ń já, pé tó bá ti ṣí tán, ohun yòówù kó wà lẹ́yìn rẹ̀, ara òun á balẹ̀ díẹ̀. Gervais ní òun ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Inú Rachelle dùn sí ìyìn yẹn ju kí wọ́n ra aṣọ tuntun fún un lọ.

Sinimá tuntun tí Gervais fẹ́ ṣe dá lórí obìnrin kan tó lọ ṣẹ́gi lórí òkè, tó ń gbọ́ tí ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀ láàárín àpáta. Rachelle ni Gervais kọ́kọ́ dán wò. Àmọ́ igbe rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń pe àwọn ará oko wá jẹun, nígbà tó sì tún un ké, ẹ̀rín ló gbà á lẹ́nu. Gervais ní kò burú. Igbe Chantal wá dé, kò sì sọ ti Rachelle mọ́.

Chantal bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wọn. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí Rachelle dáadáa, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Josué," Rachelle á sì dá a lóhùn, á fún un lómi. Àmọ́ kò sí ohun tí kò rí. Ó rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ Chantal. Ó rí bí Gervais ṣe ń bá a gbé àpò rẹ̀. Ó gbọ́ tí ọkọ òun fi Faransé sọ fún un pé "Parfait", pé ó pé láìkù síbì kan, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún Rachelle rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Tílẹ̀ bá ṣú, Gervais á tún ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí.

"Igbe lásán ni," ó ní, nígbà tí Rachelle béèrè.

"Igbe lásán lẹ wá ń gbé sùn?"

Gervais rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rachelle pa iná abẹ́ gàrí, ó sì gun òkè tí wọ́n ti ń ya sinimá náà lọ bá wọn. Kò gbé oúnjẹ dání, kò sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó dúró láàárín àpáta méjì, ó ń wò wọ́n. Gèlè Chantal ti tú. Gervais kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bá a wé e, ó sún sẹ́yìn wò ó, ó tún sún mọ́ ọn, ó tún un ṣe kó tó padà sídìí ẹ̀rọ, Chantal sì ń kó igi lọ. Kò sẹ́ni tó kíyè sí Rachelle. Rachelle dúró títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lójú, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fi sinimá náà hàn. Wọ́n ta tapólì bo fèrèsé gbọ̀ngàn, èrò kún un. Rachelle jókòó sẹ́yìn. Chantal àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wà níwájú.

Sinimá bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí òkè, ohùn kan pe orúkọ, Chantal ké. Àwọn èèyàn ta gìrì, lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín ara wọn. Igbe náà dára, Rachelle gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́. Chantal bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kó igi. Lókèèrè lẹ́yìn rẹ̀, láàárín àpáta méjì, obìnrin kan dúró.

Kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára Chantal. Ọkùnrin kan fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ àga. Ìyá àgbà kan ya àmì àgbélébùú. Ẹ̀rù ba Rachelle náà, ìgbà tó rí aṣọ tó wà nídìí obìnrin náà ló tó mọ̀ pé òun ni.

Nígbà tí èrò ń jáde, ó dúró de Gervais lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ rí mi lọ́jọ́ náà."

"N ò rí ẹ lórí òkè. Ìgbà tí mo ń gé e nínú kọ̀ǹpútà ni mo tó rí ẹ."

"Ẹ rí i pé inú mi bà jẹ́, àbí ẹ rí i pé ó máa dára nínú sinimá? Èwo lẹ kọ́kọ́ rí?"

Gervais kì í ṣe onírọ́.

"Pé ó máa dára."

Rachelle mú Josué ọmọ wọn, ó gun ọ̀kadà zémíjàn lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Kèrè.

Ibẹ̀ ni Chantal wá bá a. Ó jókòó, ojú rẹ̀ le.

"Gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè," ó ní. "Mo ké títí ohùn mi fi há. Ẹ̀yin kàn dúró. Ìyá Josué, kí lẹ ṣe tí ojú yín fi rí bẹ́ẹ̀?"

Rachelle wò ó. Ó mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Òun náà ti gbé e kiri fún ìgbà pípẹ́. Ó dùn mọ́ ọn díẹ̀, ó sì tún ṣàánú rẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń wò," ó ní. "Ọkọ mi ń wé gèlè fún ẹ."

Chantal tẹ orí ba. "N ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Bàbá Josué ò bá mi sọ ohunkóhun rí ju ti igbe yẹn lọ."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Èmi ló máa ń bá sọ ọ̀rọ̀ sinimá tẹ́lẹ̀."

Nígbà tí Rachelle padà sílé, Gervais ti ń ro sinimá mìíràn. Ó rọra sọ ọ́ bí Rachelle ṣe ń yan gàrí, pé àwọn èèyàn ń béèrè obìnrin àárín àpáta, bóyá ó lè tún dúró bẹ́ẹ̀.

"N ò mọ̀ ọ́n ṣe," Rachelle ní. "Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rí ojú yẹn, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí mi."

"N ò fẹ́ rí i mọ́."

Rachelle ò mọ̀ bóyá kí òun gbà á gbọ́. Ó fi igi tó fi ń yan gàrí lé e lọ́wọ́, ó ní kó má jẹ̀ẹ́ kó jóná, ó sì lọ wẹ̀.