Àga Ọkọ Mi Nídìí Tábìlì

Ọkọ mi kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò ríran mọ́.

Kì í ṣe pé ojú náà ti fọ́ pátápátá. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀. Ó ń rí i pé ẹnìkan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni náà títí onítọ̀hún á fi lanu. Dókítà ojú sọ fún wa pé èyí tó ti lọ kò ní padà, pé oògùn tó ń kán sí i kàn máa dá èyí tó kù dúró díẹ̀ ni. Díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé, tí mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Káfíńtà ni. Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀yìn ló ń dun òun, wọ́n sì gbà á gbọ́, torí káfíńtà wo ni ẹ̀yìn kì í dùn. Ọjọ́ Sátidé ni ìṣòro wà. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn méjì kan máa ń wá sí pálọ̀ wa láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò àti àwọn nǹkan oníná tó bá bàjẹ́ ṣe. Kò sí ọ̀gá láàárín wọn. Wọ́n á gbé fóònù ti ife, wọ́n á máa wo fídíò ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún un wò, wọ́n á jiyàn. Ọkọ mi ló dá a sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Òun ló kan tábìlì náà. Òun ló ń jókòó sí àga ìdí fèrèsé, tí ó ń mú irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, láti fi lẹ ẹsẹ̀ àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ pánẹ́ẹ̀lì inú rédíò.

Ó sọ fún mi pé, "Ìyá wọn, tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á máa fà mí lọ́wọ́. Wọ́n á máa pariwo bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Iṣẹ́ ti lọ, mo gbà. Jẹ́ kí n ní Sátidé yìí nìkan."

Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù tí Sátidé bá ti ń bọ̀. Mò ń bẹ̀rù irin náà. Mò ń bẹ̀rù iná. Mo tún ń bẹ̀rù kí ẹnìkan má béèrè ìbéèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá jẹ́ télọ̀. Ó tinrin gan-an, Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èkejì jẹ́ obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé, Tísà là ń pe òun. Ẹnu Tísà kì í dákẹ́.

"Ẹ ti fèrèsé yẹn, kí atẹ́gùn má gbé Abẹ́rẹ́ lọ."

Abẹ́rẹ́ á ní, "Ẹ jẹ́ kó gbé mi. Ó ṣáà máa gbé mi délé, mi ò ní fẹsẹ̀ rìn."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Nǹkan kan wà nínú rédíò tí wọ́n ń pè ní rẹ̀sísítọ̀. Ó kéré bíi hóró ìrẹsì, wọ́n sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ dì í ní ìgbànú. Nọ́ńbà ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Búráùn ni ọ̀kan, pupa ni méjì, àwọ̀ ọsàn ni mẹ́ta, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kẹta ló ń sọ iye òdo tí a máa fi sẹ́yìn méjì àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá mọ àwọ̀ á fi èyí tí kò yẹ sí i, nǹkan náà kò sì ní ṣiṣẹ́. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi, màá gbé aṣọ lé ẹsẹ̀, màá máa rán bọ́tìnnì. Tó bá gbé rẹ̀sísítọ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó, màá yọjú wò ó, màá wá fi orúnkún gbá orúnkún rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan fún búráùn. Ẹ̀ẹ̀mejì fún pupa. Tó bá jẹ́ dúdú, tó jẹ́ òdo, màá kàn fi orúnkún ra tirẹ̀. Òun á wá sọ iye rẹ̀ sókè bí ọ̀gá.

Tísà á ní, "Ẹ wo bí ojú Ẹ̀gbọ́n ṣe mú. Èmi tí mo wọ jígí, mi ò rí kiní kan."

Ọkọ mi á ní, "Jígí tiyín, láti fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi á wà lára wọn.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà tí kò nílò mi fún. Kapásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí agolo kékeré, inú rẹ̀ ni iná máa ń sá pamọ́ sí. Ó ní ẹsẹ̀ méjì, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ ṣì í fi síbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Èyí tó gùn máa ń wọ ibi tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí, èyí tó kúrú máa ń wọ ibi àmì ayọkúrò. Ìlà funfun kan tún wà lára agolo náà, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kúkurú. Ẹni tó ríran á wo ìlà. Ọkọ mi máa ń fi àtàǹpàkò wọn ẹsẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti lọ, á ní, "Ìyá wọn, ti kapásítọ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo ṣe é." Á sọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, Abẹ́rẹ́ gbé rédíò ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá. Ó ní kì í sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń kùn ni. Wọ́n tú u, wọ́n sì rí kapásítọ̀ kan tí orí rẹ̀ ti wú. Kò sí tuntun nílẹ̀. Wọ́n ní páálí kan lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ń pè ní ilé òkú, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹ̀rọ tó ti kú pátápátá sí, tí wọ́n á máa yọ nǹkan tó ṣì dára lára rẹ̀. Tísà mú pánẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n kan jáde níbẹ̀, ó yọ́ òjé rẹ̀, ó yọ kapásítọ̀ kan. Ó ní irú rẹ̀ gan-an nìyí.

Omi hó nílé ìdáná. Mo dìde lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n lè fi po tíì fún wọn. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ní, "Ẹ mú un wá." Ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ̀ pé ti kapásítọ̀, tirẹ̀ ni.

Mi ò rò ó pé kì í ṣe tuntun. Èyí tí ènìyàn bá yọ lára òkú ẹ̀rọ, àwọn tó kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Méjèèjì á dọ́gba. Kò sí gígùn, kò sí kúkurú. Ìlà funfun nìkan ló kù tí ènìyàn lè fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo yọ sí pálọ̀ pẹ̀lú tíréè, mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò wọn ẹsẹ̀ náà. Ó tún un wọ̀n. Ó yí i padà, ó tún wọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà ilé ìdáná.

Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò bá a mu ni?"

Ó ní, "Ó bá a mu." Ó sì tì í wọ ihò rẹ̀, ó gbé irin lé e.

Ó yẹ kó dúró dè mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó rò pé tí òun bá dúró títí màá fi jókòó, wọ́n á fura. Mo gbé tíréè kalẹ̀, mo jókòó, mo wo pánẹ́ẹ̀lì náà. Ìlà funfun wà ní ẹ̀gbẹ́ àmì àròpọ̀. Tísà ti ń na ọwọ́ sí ògiri láti tan iná. Abẹ́rẹ́ ti tẹ orí ba, ó ti gbé etí sún mọ́ ọn, torí bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, bó ṣe ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Mo fi orúnkún gbá ọkọ mi, mo tún gbá a, mo gbá a ṣáá. Ó yí orí sí mi díẹ̀. Ó ń kà á. A ní àmì fún pupa, a ní àmì fún òdo. A kò ní àmì fún dúró.

Kapásítọ̀ náà bẹ́. Kò dún púpọ̀. Èéfín rú, òórùn kan gba ilé, Abẹ́rẹ́ sì ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó wọ̀ mí lójú. Ó wọ̀ mí lójú." Tísà fa iná yọ. Èmi ni mo ń da omi sí i lójú. Ọkọ mi dúró sójú kan, ó ń béèrè pé, "Ta ni? Ta ló ṣe?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, torí wọ́n rò pé ó ń rí wa.

Nílé ìwòsàn, wọ́n di ojú rẹ̀ kan. Wọ́n ní ohun tó wọ̀ ọ́ ti bó awọ ẹyinjú, pé kí a dúró títí wọ́n á fi tú u. Télọ̀ ni o. Télọ̀ tó ń fi ojú jẹun.

Nígbà tí a lọ kí i nílé, Tísà ti wà níbẹ̀. Kò tíì jẹ́ kí a jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀bi mi ni. Kapásítọ̀ tí mo yọ yẹn, ó ti kú tẹ́lẹ̀ ni."

Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ṣebí ojú kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ ń ní."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ mi bá dákẹ́, ó ti parí, Sátidé á tún pé. Mò ń gbàdúrà nínú pé kó dákẹ́. Mo sì tún ń bẹ̀rù kó dákẹ́.

Ó ní, "Tísà, kapásítọ̀ yẹn kò kú. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ sí ìdí. Mi ò rí ìlà. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí ìlà kankan."

Tísà ní, "Àwọn àwọ̀ tí ẹ máa ń sọ ńkọ́? Ta ló ń sọ ọ́ fún yín?"

Ọkọ mi na ọwọ́. "Ìyàwó mi ni." Ibi tí ó nawọ́ sí kọ́ ni mo wà. Mo ti sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Abẹ́rẹ́. Àga tó ṣófo ló nawọ́ sí. Wọ́n wo àga náà, wọ́n wò mí, Tísà sì yọ jígí rẹ̀, ó ń nù ún.

Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti sọ fún wa."

Ó ní, "Mo mọ̀. Má bínú, àbúrò."

Wọ́n tú ojú náà. Ó ń ríran, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ní òwú máa ń dà bíi pé èéfín yí i ká báyìí, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò bínú sí wa. Ì bá sàn kó bínú.

Wọ́n padà wá ní Sátidé kan, wọ́n gbé fáànù kékeré kan tó ń gba iná sára wá. Ọkọ mi ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là, ó ti jókòó sí àyè rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Tísà dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́ láti bá a fa àga sún, bẹ́ẹ̀ orí àga náà ló jókòó sí. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà dáadáa? Ẹ máa jókòó o." Wọ́n da àwọn ìṣó kéékèèké tí wọ́n lọ́ kúrò lára fáànù náà sínú àwo, wọ́n sì gbé e síwájú rẹ̀ kó máa bá wọn ṣà á, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Wọn ò ní ibi lọ́kàn. Ó ń ṣà á. Ó ṣà á tán, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀.

Tísà gbé rẹ̀sísítọ̀ kan sókè, ó ń wò ó, ó wá na án sí mi. "Màmá, ẹ bá wa wo eléyìí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Mi ò tíì sọ ọ́ síta rí. Mo ní, "Búráùn, dúdú, pupa." Mo ṣírò rẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún kan."

"Ẹ ò rí i," Abẹ́rẹ́ wí. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. "Ẹ̀yin lẹ máa jó o mọ́ ọn fún wa. Èmi ò rí ibẹ̀ dáadáa, Tísà sì máa ń jó gbogbo ilé."

Mo ní rárá. Mo ní ẹ̀rù irin yẹn ń bà mí.

Ọkọ mi dìde. Ó ní, "Ìyá wọn, jókòó síbí. Ibí ni ìmọ́lẹ̀ wà."

"Ibi tí mo wà dára."

"Mo ní jókòó."

Ó fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí lójú ẹnikẹ́ni. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Mo jókòó. Àga náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ara rẹ̀. Mo gbé irin náà lé ẹsẹ̀ rẹ̀sísítọ̀ náà, mo fi òjé kàn án, ó yọ́, ó sì rọra kó ara rẹ̀ jọ yí ẹsẹ̀ náà ká. Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ wò ó, ó ń dán." Tísà fi iná sí i. Fáànù náà yí, ó yí dáadáa, ó ń fẹ́ bébà orí tábìlì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo gbọ́ tí ibùsùn dún nínú yàrá. Mo rò pé ó fẹ́ wá bá wa ni, mo sì ti ń dìde lórí àga fún un. Ilẹ̀kùn ló wá tì. Ó tì í jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́.