Pósí Ẹni Tí Kò Lẹ́bí

“Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, àwọn tí kò lẹ́bí ni mo máa ń tà á fún.”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu káfíńtà kó tó rántí pé àbúrò òun ló dúró síwájú òun. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó sì ti fọ́. Obìnrin náà, tí ọkọ rẹ̀ kú ní ìdájí àná, kàn ń wo ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lé e léjìká, bí ẹni tó rí kòkòrò lára aṣọ.

“Bọ̀dá mi,” ó ní, “èmi ni o.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ta ni mo pè ọ́?”

“Rárá, ẹ ò mọ̀. Ọjà lẹ̀ ń tà fún mi.”

Ilé Ìkẹyìn ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà yìí, nítorí pósí ló ń kàn. Kì í bínú sí orúkọ náà. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣàwàdà pé oníbàárà òun kì í padà wá ráhùn. Àbúrò rẹ̀ yìí ti bá a ṣiṣẹ́ rí kó tó lọ sílé ọkọ. Òun ló ń kun pákó, òun ló ń rán aṣọ funfun sínú pósí, etí rẹ̀ náà ló sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá àwọn ọlọ́fọ̀ sọ. Ó mọ̀ pé pósí kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìkùn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi han ẹni tó bá wọlé. Ọ̀gá á ní àwọn tí kò lẹ́bí lòun ń tà á fún, á gbé ọwọ́ lé ọlọ́fọ̀ léjìká, á sì panu mọ́. Ta ló fẹ́ kí òkú òun dà bí òkú ẹni tí kò lẹ́bí? Kó tó pẹ́, ojú oníbàárà á ti fúnra rẹ̀ ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dán, tí wọ́n ní irin aláwọ̀ wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ká sòótọ́, ọkùnrin yìí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, bí opó bá wá, òun gan-an ló ń sọ fún un pé kó má ná owó ọmọ sórí pákó tó ń lọ sínú ilẹ̀. Ọdún kan ni ọjà kùtà, ebi fẹ́ wọlé, ló bá dán ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan péré. Ó mówó wá. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti mówó wá lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ fi ẹnu ẹni sílẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tó wá dun ún jù láàárọ̀ yìí ni pé kò tilẹ̀ fẹ́ gbowó lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Láti àná ló ti pinnu pé èyí tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù lòun máa fún un. Ẹnu rẹ̀ ló kàn ń dá rìn.

“Mú èyíkéyìí tó bá wù ọ́,” ó ní. “Ọ̀fẹ́ ni. Jọ̀ọ́, àbúrò mi.”

“Ti ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni mo fẹ́.”

“Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.”

“Kí ló ṣe é? Àbí pákó rẹ̀ ò lágbára ni?”

Pákó rẹ̀ lágbára. Pákó kan náà ni wọ́n fi kan gbogbo wọn, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀. Obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, káfíńtà àti awakọ̀ kan gbé pósí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà lọ sílé opó, wọ́n gbé e sí yàrá iwájú láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn. Ó bá àbúrò rẹ̀ ní ilé ìdáná, tó ń fọ ife tí àwọn àlejò fi mu omi. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ràn ọkọ àbúrò rẹ̀ yìí gan-an. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á jọ máa bú rẹfirí bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Ó fẹ́ sọ pé olóògbé ti lọ sinmi. Ó rántí pé ohun tóun ń sọ fún oníbàárà nìyẹn. Ó fẹ́ sọ pé àbúrò òun ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ìyẹn náà, ọjà ni. Kò sí ọ̀rọ̀ ìtùnú kan lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì fi pawó rí.

“Bọ̀dá mi,” opó náà ní, kò wẹ̀yìn, “mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí màámi kú, ẹ gbá mi mọ́ra, ẹ ní ẹ ò ní jẹ́ kí n dá wà láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé mi ró láti ìgbà yẹn. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́, àbí Ilé Ìkẹyìn?”

Ó fẹ́ dáhùn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́jà máa sọ náà nìyẹn, torí òun ni etí ń fẹ́ gbọ́. Ó rán ọkàn rẹ̀ lọ sí ọjọ́ náà. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó rí omijé lójú ara rẹ̀. Ó tún rántí pé òwò náà ti wọ òun lára nígbà yẹn. Ó wá ibi tí ọlọ́jà parí sí, tí ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí i.

“N ò mọ̀,” ó ní. “Àbúrò mi, n ò mọ̀ mọ́.”

Obìnrin náà gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹkún tó ti ń pa mọ́ra láti àná bú jáde, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọkọ ló ń sunkún rẹ̀ ni, tàbí ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣì wà láàyè. Káfíńtà na ọwọ́ kó gbá a mọ́ra. Ó tún ká ọwọ́ náà kò. Ó fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn ife tó kù.