Igbá Òrí Láti Àríwá

Òmùgọ̀ ni mí. Nígbà tí wọ́n rán Barnabé, ọmọ mi tó jẹ́ ṣójà, lọ gba àwọn ará àríwá lọ́wọ́ afẹ̀míṣòfò, Safiath ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. Mo fi í ṣẹ̀sín: "Ojo! Ṣebí Mùsùlùmí bíi tìẹ ni wọ́n ń pa?" Mo jó sin ọmọ mi títí gbogbo Idigny, ìlú wa, fi rí ìdí arúgbó.

Inú pósí ló padà wá. Àwọn ṣójà ò jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́.

Lánàá, ìyá kan gbé igbá òrí wá láti àríwá. Ó ní Barnabé ló gbé àwọn ọmọ òun jáde nínú mọ́ṣáláṣí tó ń jó. Mo ní òrí náà la ó fi pa ọmọ inú Safiath lára tó bá dáyé.

Safiath fọwọ́ kan oyún rẹ̀. "Ìyá, ó dáa tí ọkọ mi lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ yìí yóò máa pè ní bàbá?"