Orúnkún Má-fọwọ́kàn-án

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé Má-fọwọ́kàn-án lọ sí ibojì ni ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ hó lójú ayé. Ọkọ̀ tó gbé òkú ń lọ jẹ́jẹ́ níwájú, ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága nítorí pé kò sí ìpàdé tí kì í darí, jókòó síwájú ọkọ̀ kejì yìí, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni pé òun ni wọ́n wá kí. Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè tó lọ sí itẹ́ òkú, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bo gíláàsì iwájú, ó bo Alága, ọwọ́ tó ń jù sì wọnú rẹ̀ lọ, kò hàn mọ́. Ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà béèrè pé inú èwo gan-an nínú ọkọ̀ méjèèjì ni òkú wà. Alága gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá oníirin àlòkù tí yóò wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ.

Má-fọwọ́kàn-án kì í ṣe orúkọ àbísọ. Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ni ọkùnrin náà. Ní àràárọ̀ ló ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ọkọ̀ rẹ̀ láti orí dé táyà, bí ẹnì kan bá sì fara ti ọkọ̀ náà láti kí i pé ẹ káàárọ̀, èsì tí yóò fún un ni pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án." Kò jẹ́ kí ẹlòmíì wà á. Kò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan rí, nítorí lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tó bá ti wọ ilé mẹkáníìkì dà bí ọmọ ilé rere tí wọ́n rí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó bá bàjẹ́, á ti géètì, á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Tó bá wá dé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Ọkọ̀ tèmi kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ibà."

Ìyàwó rẹ̀ kì í jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni, ní igun ọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un, á ní, "Ẹ̀yìn ni ibi ìjókòó ẹni pàtàkì. Awakọ̀ lásán ni mo jẹ́ fún ọ." Àwọn àbúrò obìnrin náà, tí ọkọ tiwọn máa ń kó ẹrù lé lẹ́sẹ̀ níwájú ọkọ̀, a máa fi ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ wọn jà. Obìnrin náà kì í sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yíjú díẹ̀díẹ̀ wo ìta láti ojú fèrèsé, bí ìyàwó ẹni tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún. Ìgbéraga kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn, kò sì ná an ní nǹkan kan.

Nísinsìnyí ọkọ ti kú, ìyàwó kò sì tíì sunkún. Àwọn tó wá bá a kẹ́dùn sunkún sunkún kó lè gba ẹkún lẹ́nu wọn. Ó fún wọn ní àga. Bí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ náà a kú, èèyàn a rí i, a fọwọ́ kàn án, kò ní mọ̀ pé tòun ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí. Ibì kan ṣoṣo tó kù tó ti ń rò ó pé nǹkan lè kàn án lára ni igun ọ̀tún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Tó bá ti ilẹ̀kùn, tó wo ẹ̀yìn àga awakọ̀ níbi tí orí ọkọ rẹ̀ ti sọ awọ di dídán, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni náà kò tíì sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi ṣe pé nígbà tí ẹbí jókòó sí pálọ̀, tí Alága wúkọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́ tí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyàwó olóògbé kàn ní, "Mo fẹ́ ọkọ̀ náà."

"Ìyàwó wa," Alága ní, "kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ ò mọ ọkọ̀ wà."

"Mo fẹ́ máa jókòó sínú rẹ̀ ni."

"Àga pọ̀ nínú ilé yìí."

"Mo mọ̀, Alága."

"Ọkọ̀ tó ń hó láàárín títì, orúkọ ìdílé ni wọ́n ń sè lórí iná yẹn."

Ọmọbìnrin olóògbé, àkọ́bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn, dá sí i. "Bàbá kékeré, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe ná. Aláìsàn kì í ṣe òkú."

Alága ronú sí i. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló lé opó kúrò nínú ọkọ̀. "Ó dáa. Ẹ tún un ṣe. Ní ọjọ́ Sátidé, a ó gbé e gun òkè ibi ìsìnkú yẹn, èmi náà á wà níbẹ̀. Tó bá gun òkè láìhó, ti ìyàwó wa ni. Tó bá tún hó, oníirin á wá wọ́ ọ lọ́jọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ pè mí sí ìpàdé lórí rẹ̀."

Wọ́n fẹnu kò bẹ́ẹ̀.

Rewáyà tí wọ́n gbé e lọ bá, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, Dókítà ni wọ́n ń pè é. Òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ó máa ń wọ ẹ̀wù funfun gígùn tí òróò ọkọ̀ ti sọ di ẹ̀wù olóríṣiríṣi àwọ̀, kì í sì í pe ọkọ̀ ní ọkọ̀. "Aláìsàn" ló ń pè é.

"Láti ìgbà wo ni ara aláìsàn yìí ti ń gbóná?"

"Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú," ọmọbìnrin náà fèsì.

"Ṣáájú ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Kò gbóná rí."

Dókítà mi orí. "Ọkọ̀ mọ olówó rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ṣáà bá wa wo fáànù."

Ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó bá ìyá nínú igun rẹ̀. "Màmá, ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀?"

"Mi ò ní dí yín lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣiṣẹ́, tí ìyá sì jókòó sẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì tó dúró gbọọrọ bí ògiri níwájú rẹ̀. Ká má purọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Omi kún inú rédíétọ̀. Ìdérí rẹ̀ dì dáadáa. Kò sí rọ́bà tó ń jò, kò sí òróò nínú omi, nítorí náà inú ẹ́ńjìnnì kò lárùn. Fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára nìkan ni kò yí, bó ti wù kí ó gbóná tó. Dókítà fa wáyà méjì láti ara bátìrì, ó kàn wọ́n mọ́ fáànù náà ní tààrà. Ó yí, ó sì gbá fìlà kúrò lórí rẹ̀.

"Fáànù kò kú," ó kéde. "Wọn ò pè é ni."

Ó pààrọ̀ fíúsì. Ó pààrọ̀ riléè tó ń fún fáànù ní iná. Ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn nǹkan kékeré tó máa ń sọ fún fáànù pé omi ti gbóná. Ó tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà lọ, ó bá ibi tí wọ́n fi téèpù dúdú wé e, tó tẹ́jú, tó mọ́, tí etí rẹ̀ ṣẹ́ po bí etí ìwé. "Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ nìyí," ó sọ fún ara rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Èèyàn kì í tú irú èyí." Bó bá jẹ́ pé ó sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ni, tó sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ì bá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ òun ṣe ń wé apá dígí ojú rẹ̀, ìdí àgboòrùn rẹ̀ àti gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, dókítà wo nìyẹn?

Ó tan ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ń fẹ́ sí i, géèjì tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe gbóná tó kò fi bẹ́ẹ̀ gbéra. Ó wò ó títí ebi fi pa á, ó sì ní ara ti yá.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọmọbìnrin náà wà á. Alága jókòó síwájú pẹ̀lú táì lọ́rùn, ìyá wà ní igun rẹ̀. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú gbà wọ́n dáadáa, atẹ́gùn ń gba iwájú ọkọ̀ wọlé. Ó di ìkóríta, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dé, ọwọ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ó ti ń lọ o," Alága ní.

"Mo rí i, sà."

"Ó ti kúrò láàárín."

"Bàbá kékeré, ẹ má bá mi kà á."

"Èmi ò kà á. Mo kàn ń wò ó ni."

Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, òórùn omi gbígbóná ti wọnú ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà yà sẹ́bàá ọ̀nà, ibi kan náà tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ ìsìnkú. Alága yọ fóònù rẹ̀. Kò yọ̀, ó kàn tún táì rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó fẹ́ bá oníirin sọ̀rọ̀ lójúkojú.

"Ibi tí orúnkún ti máa ń dùn ún nìyí," ìyá sọ láti ẹ̀yìn.

Ọmọ rẹ̀ yíjú. "Ta ni, Màmá?"

"Bàbá yín. Tá a bá ti dé ibí, orúnkún á dùn ún. Á tẹ̀ba, á fi ọwọ́ ra á. Tá a bá gun òkè tán, á tún ra á lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ibí nìkan?"

"Àti ìkóríta, tí ọkọ̀ bá pọ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni. "Kì í dùn ún nílé."

"Orúnkún wo?"

"Ọ̀tún."

Ọmọbìnrin náà wo orúnkún ọ̀tún ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń fi ìka wá ibẹ̀ kiri, ìka rẹ̀ sì dúró lórí nǹkan kékeré kan, roboto, irú èyí tí wọ́n fi ń tan iná ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé mọ́ ara ọkọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Fáànù dìde. Ariwo rẹ̀ gba inú ọkọ̀ kan. Wọ́n jókòó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ọwọ́ géèjì bó ṣe ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi.

"Ẹ̀fúùfù ti fẹ́," ọmọbìnrin náà ní, ẹ̀rín fẹ́ gbé e, "a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́, Bàbá ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ̀ àwọn lárùn, wọ́n bá gé wáyà rẹ̀ wá síbí, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe sẹ́ńsọ̀."

Alága dá fóònù padà sápò. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Ìyá ti tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Ẹni tó bá jókòó síwájú, ṣé ó máa rí i?"

Ọmọ rẹ̀ wo bí ibẹ̀ ṣe rí sí ẹsẹ̀ Alága. Ẹ̀rín náà lọ. "Ó máa rí i, Màmá. Iwájú rẹ̀ gan-an ló wà."

Ìyá fẹ̀yìn tì. Fáànù ń yí.

"Mo máa ń fi òróró gbígbóná ra á fún un ní alaalẹ́," ó ní.

"Kí ni, Màmá?"

"Orúnkún náà."

Alága béèrè pé, "Wọn ò sì sọ fún yín pé kò dun àwọn?"

"Á ní, 'O ṣé. Ó ti fúyẹ́.'"

Ọkọ̀ gun òkè náà láìhó. Ní ìdí ibojì, Alága wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé, ó bá káwọ́ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà fa koríko díẹ̀ tu. Ìyá dúró. Ó wo iyẹ̀pẹ̀ náà pẹ́, ó ń wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá ẹkún, kò rí ìyẹn náà. Ohun tó rí kò ju igun ọ̀tún ẹ̀yìn ọkọ̀ kan lọ, àti obìnrin kan níbẹ̀ tó ń yíjú díẹ̀díẹ̀ wo ìta.

Nígbà tí wọ́n padà sídìí ọkọ̀, ọwọ́ Alága ti wà lára ilẹ̀kùn iwájú.

"Ọkọ̀ ti di tiyín o, ìyàwó wa," ó ní. "Ẹnu mi kì í yẹ̀."

"Ẹ ṣé, Alága. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí."

"Èmi?"

"Ibẹ̀ ni ibi ìjókòó ẹni pàtàkì."

Alága rò ó wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ìyá wọ iwájú. Alága wọ igun ọ̀tún, ó na ẹsẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi sọ gíláàsì kalẹ̀. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà tán tí ọwọ́ rẹ̀ ti jáde síta, tó ń kí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, ọkọ̀ tún pọ̀. Ọwọ́ géèjì tún gbéra. Ọmọbìnrin náà fẹ́ tẹ̀ba, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ìka rẹ̀ bá téèpù náà, ó bá etí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ po kó lè rọrùn láti tú bó bá di dandan. Ó tẹ nǹkan roboto náà, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí níwájú. Kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó ń fi àtàǹpàkò ra á díẹ̀díẹ̀, yípo yípo, láìmọ̀.

"Ṣé ó ti fúyẹ́?" ó béèrè.

Ọmọ rẹ̀ wo géèjì.

"Ó ti fúyẹ́, Màmá."