Ọjọ́ Wólímọ̀ Nàjíbà

Wọ́n ti to àga dé ojú títì nígbà tí Nàjíbà wọ yàrá wá bá ìyá rẹ̀, tó sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ràbíátù ń wé gèlè lọ́wọ́. Inú dígí ló ti rí ojú ọmọ náà.

"Màámi, ó ti dé."

"Kí ló dé?"

Nàjíbà yí ẹ̀yìn aṣọ funfun rẹ̀ sí i. Ràbíátù sáré ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Nàjíbà. Ó ti ka Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́jọ́ yìí ni wọ́n sì fẹ́ ṣe wólímọ̀ rẹ̀ ní ilé wọn ní Moshie Zongo. Ó kù kó jókòó láàárín èrò, kó gbé Kùránì lé itan, kó kà á sétí gbogbo wọn. Fataw, bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ti pa màlúù. Ẹbí ti wá láti Kumasi. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí obìnrin ilé náà tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í fọwọ́ kan Kùránì.

Ràbíátù fún un ní páàdì, ó wá aṣọ mìíràn fún un, ó sì pe ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àbẹ̀bí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún bàbá rẹ̀," ni Ràbíátù wí. "Wọ́n lè sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Sọ kí ni fún un? Ìwọ fúnra rẹ, o ti sọ tìrẹ fún un rí?"

Kò sọ ọ́ rí. Látìgbà tí Fataw ti fẹ́ ẹ, bí tirẹ̀ bá dé, ṣe ló máa ń gbé ẹní rẹ̀ lọ sí igun kejì yàrá. Fataw kì í béèrè.

"Ká kúkú ní ibà ló ń ṣe é," ni Ràbíátù wí.

"Ibà wo? Ọmọ tó ń pọnmi fún àlejò láti àárọ̀? Kó fi ìborùn di Kùránì mú. Ọlọ́run rí i pé kì í ṣe ẹ̀bi wa."

"Ìyá, Áfà ló ní a ò gbọ́dọ̀ dì í mú," ni Nàjíbà wí.

"Ta ló bi ọ́?"

Ràbíátù jáde. Fataw wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

"Bàbá Nàjíbà, ẹ wá ná."

"Ṣé iyọ̀ ló tán?" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Sọ ọ́ síbí. Ará ilé ni gbogbo wọn."

Ràbíátù wo ojú àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹran ti ń jinná," ló sọ.

"Ẹ ò rí i? Ìyàwó mi ò lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Nígbà tó yá, Áfà Mumuni gbé Kùránì síwájú Nàjíbà. Ọmọ náà kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn. Áfà ní kó gbé e, kó máa kà. Kò gbé e, kò sì yanu. Áfà ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún un bí ẹni ń ran ọmọdé lọ́wọ́. Kò gbè é.

"Ojú ló ń tì í," ni ẹnì kan wí.

"Hàbá, ẹran ti jinná, kéwú ò jinná," ni ẹlòmíràn wí, ẹ̀rín sì bo gbogbo ibẹ̀.

Fataw ń wo ilẹ̀. Ràbíátù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó la ẹnu. Ìyá Àbẹ̀bí fa ìró rẹ̀ láti ẹ̀yìn, Ràbíátù sì jókòó padà. Áfà pa Kùránì dé, ó ṣe àdúrà kúkúrú. Wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Inú yàrá ni Ràbíátù ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, nígbà tí àlejò ti ń túká. Fataw jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"O wá bá mi níta, ẹran lo sọ."

"Ojú àwọn ọ̀rẹ́ yín ni."

Fataw dìde. "Ó yẹ kí n lọ bá wọn, kí n ní ọmọ mi mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n á bi mí pé kí ló wá ṣe é. Kí ni n óò wí?"

Ó jáde. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nàjíbà wà lórí ẹní. "Màámi, ká ní ẹsẹ̀ mi ló kán, ṣebí ẹ̀ bá ti sọ fún wọn."

Safia, àlejò kan láti Kakpagyili, wọlé wá dágbére. Ó fọwọ́ lé èjìká Ràbíátù. "Ẹ má banú jẹ́. Ọlọ́run á la ọpọlọ ọmọ náà."

Nàjíbà ń wo ẹnu ìyá rẹ̀.

"Àmín," ni Ràbíátù wí.

"Mo mọ̀ ọ́n kà," ni Nàjíbà wí. "Nǹkan oṣù mi ló dé."

Safia wo ẹ̀yìn bóyá ọkùnrin kan ń gbọ́. "Ṣọ́ ẹnu rẹ, ọmọ yìí." Ó wo Ràbíátù pé kó bá ọmọ rẹ̀ wí.

Ràbíátù ò lè sọ pé òótọ́ ni. Àmọ́ kò sọ fún ọmọ náà pé kó dákẹ́. Safia mú báàgì rẹ̀, ó sì lọ.